Ẹni Tó Kó Àdúrà Ọkọ Dànù

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ibi tí ìfẹ́ Láyí àti Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, inú ẹrẹ̀ ni n ó nàka sí. Wọn kò pàdé níbi àpèjẹ, wọn kò pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orí fóònù tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ń yan ọkọ bí ẹni ń yan bàtà. Ẹ̀bá odò kékeré kan lẹ́yìn Castle Green, ní Barking nílùú London, ni, níbi tí ariwo ọkọ̀ orí A13 kì í ti í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń sọ, àfi bó bá pariwo.

Ìyá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ló mú un lọ síbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Kẹrin. Magdalene lorúkọ ìyá náà, ṣùgbọ́n Ìyá Ìjọ ni gbogbo Aládùúrà láti Rippleside títí dé Valence ń pè é. Obìnrin tó le ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, òun nìkan ló fi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tọ́ ọmọ kan ṣoṣo tó bí, títí ọmọ fi jáde yunifásítì tó sì di tíṣà. Ó wá ku ọkọ. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ ti ń pọn ọmọ kejì, ojú sì ń ti ìyá rẹ̀ ju bí ó ti ń ti òun fúnra rẹ̀ lọ.

Aríran ìjọ ló ní kí wọ́n lọ fi àdúrà ọkọ sínú omi tó ń ṣàn. Bí wọ́n ti í ṣe é lọ́dọ̀ wọn ni pé wọ́n á kó èso oríṣiríṣi jọ, wọ́n á fi àgbọn kan sí i, pẹ̀lú kàn-ìn-kàn-ìn tuntun àti ọṣẹ, wọ́n á sì di gbogbo rẹ̀ sínú aṣọ funfun tí ẹni tí wọ́n ń gbàdúrà fún ti fi nura. Wọ́n á wọ sùtánà, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á ka Sáàmù, wọ́n á sì jẹ́ kí omi gbé e lọ. Ọwọ́ ènìyàn kò gbọdọ̀ kàn án mọ́ láti ìgbà náà. Bí ọwọ́ bá kàn án, ẹni náà ti gba ire onítọ̀hún sọ́wọ́ nìyẹn.

Òtútù ń jó ẹsẹ̀ Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ lórí koríko. Ó ń ṣe àmín láìla ẹnu dáadáa, nítorí eyín rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá Ìjọ gbé ẹrù náà lé omi lórí, ó ké sí Ọlọ́run pé kó mú ọkùnrin jáde wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò lérò. Ẹrù náà léfòó lórí omi, ó yí po, ó kọjá lábẹ́ afárá. Ni ọkùnrin kan bá jáde lábẹ́ afárá náà. Ó wọ ṣòkòtò rọ́bà tó dé igbá àyà, ó gbé ẹrù náà sókè, ó wò ó, ó mi orí, ó sì jù ú sínú àpò ìdọ̀tí dúdú.

"Yéè! Mo gbé o!" Ìyá Ìjọ ké. "Ìwọ ọkùnrin yìí! Jù ú sílẹ̀!"

Bí ọkùnrin náà ti gbọ́ Yorùbá, tó rí obìnrin àgbà nínú sùtánà, ìdọ̀bálẹ̀ ló kọ́kọ́ rántí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀, omi sì gba àyà ṣòkòtò rọ́bà wọlé, ó kún un dé ìbàdí.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Ẹ má bínú, Mà. Mi ò mọ̀ pé tiyín ni. Ó ti fẹ́ dí àtẹ̀gùn ẹja ni, Mà."

"Ó fẹ́ dí kí ni?"

"Àtẹ̀gùn ẹja, Mà. Iṣẹ́ mi ni."

Ẹ̀rín ló pa Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín náà kò dáwọ́ dúró. Ó ní, "Mummy, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí Ọlọ́run mú ọkùnrin jáde ni. Ọkùnrin nìyẹn now."

"Pa ẹnu ẹ dé! Ọkùnrin tó kó ọkọ ẹ sínú àpò ìdọ̀tí!"

Ọkùnrin náà gbé ẹrù náà padà fún un, ṣùgbọ́n Ìyá Ìjọ sá fún un bí ẹni rí paramọ́lẹ̀. Ọwọ́ ti kàn án. Ó wọ́ ọmọ rẹ̀ lọ sínú mọ́tò, ẹsẹ̀ lásán.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ padà lọ lẹ́yìn tí ilé ìwé parí. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ tọrọ àforíjì nítorí ariwo ìyá òun ni. Irọ́ ni. Kò sẹ́ni tí í tún irun ṣe kó tó lọ tọrọ àforíjì.

Láyí Gbádégẹṣin ni ọkùnrin náà ń jẹ́, ọmọ awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ní Valence. Ó mú un lọ sábẹ́ afárá náà, síbi tí ìlẹ̀kùn irin ńlá ti dí odò kí omi Thames má baà ya wọ ilé àwọn ènìyàn. Ìlẹ̀kùn náà dára fún ilé, ó burú fún ẹja, nítorí ẹja tó bá fẹ́ gòkè kò rọ́nà gbà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá fi ike onírun bíi búrọ́ọ̀ṣì ṣe ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi díẹ̀ sì ń ṣàn lórí rẹ̀ tọ̀sántòru.

"Wò ó," ni Láyí wí. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ tẹ̀ ba. Nǹkan tínrín bí òwú ìránṣọ ń rá lórí búrọ́ọ̀ṣì náà, ara wọn mọ́ gaara, ojú wọn dúdú kín-ń-kín. Ọmọ íìlì ni wọ́n, ẹja gígùn tó jọ ejò. "Wọ́n ti lúwẹ̀ẹ́ ju ọdún kan lọ lórí òkun kí wọ́n tó dé ibí. Imagine kó o dé Barking tán kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ."

"Ohun tó ṣe Daddy mi nìyẹn nígbà tó dé London," ni Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ dáhùn, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ sámọ́ọ̀nù, ẹja ńlá tí í ti òkun gun odò lọ yé ẹyin, gan-an ni ọkàn Láyí wà. Bó bá ti ń sọ̀rọ̀ sámọ́ọ̀nù, oúnjẹ á tutù níwájú rẹ̀. Ó ní odò kan wà ní Scotland tí ìdènà àtijọ́ ti dí, tí sámọ́ọ̀nù kan kò gùn láti ayé bàbá bàbá wọn, pé wọ́n máa wó o láìpẹ́, pé òun fẹ́ dúró sínú omi náà lọ́jọ́ tí ẹja àkọ́kọ́ bá kọjá. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ kò mọ ẹja yàtọ̀ sí ti inú agolo, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn bí ojú Láyí ti ń rí bó bá ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ ìbí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, Láyí fi í sílẹ̀ nílé oúnjẹ fún wákàtí kan gbáko nítorí pé òjò gbé igi wá dí ọ̀nà ẹja. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ bá a jà gidi. Nígbà tó délé, ó rí i pé inú òun ń dùn, kò sì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọdún kan fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po. Nínú oṣù Kẹta, Scotland pe Láyí pé iṣẹ́ ti jẹ́ tirẹ̀, kó máa bọ̀ nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá parí, bí ọ̀gá rẹ̀ ní Barking bá ti jẹ́rìí rere sí i. Lọ́jọ́ náà gan-an ló ní kí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ fẹ́ òun kí àwọn jọ lọ. Ó gbà. Wọ́n wá rán alárinà sí Ìyá Ìjọ, nítorí pé láti ọjọ́ àpò ìdọ̀tí yẹn, Láyí kì í gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá.

Àǹtí Olúfọlákẹ́ ni alárinà, onídìrí kan ní Valence tó jẹ́ àbúrò Ìyá Ìjọ nínú Olúwa. Ó lọ lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n lé e. Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n fún un lómi mu. Nígbà tó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó padà sílé bàbá Láyí pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Ìyá Ìjọ ti gbà o!"

Láyí fò dìde.

"Jókòó, mi ò tíì parí ọ̀rọ̀. Ó ní àdúrà tí o kó dànù, ọwọ́ ẹ ni kó dá a padà. Wàá wọ sùtánà, wàá bọ́ bàtà, wàá gbé òmíràn síbi tí o ti mú ti àkọ́kọ́ gan-an. Ọjọ́ mẹ́ta ni kó fi wà níbẹ̀, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kàn án."

"Àǹtí, ìgbà tí ọmọ íìlì ń gòkè nìyí. Ó máa há sórí àtẹ̀gùn yẹn. Ẹ jẹ́ ká dúró di oṣù Kẹwàá."

"Oṣù Kẹwàá tí o ti máa wà ní Scotland? Ó ní ọmọ òun ò ní tẹ̀lé ẹ dé ibìkankan láìjẹ́ pé o tún un ṣe."

"Kí n gbé e sí inú Thames ńkọ́? Kò ní pa nǹkankan lára níbẹ̀."

"Ibi tí o ti mú un ni." Àǹtí Olúfọlákẹ́ ká àpò rẹ̀ mọ́ra. "Láyí, ẹja ni o. Ọmọ èèyàn lò ń tọrọ."

Láyí kò gbà. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tẹ̀lé e, ó ń sọ rárá. Ìyá Ìjọ náà kò yí ohùn padà. Bí ẹ bá bi mí, n ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdúrà nìkan ló wà nínú rẹ̀. Opó tó bí ọmọ kan ṣoṣo ni, Scotland sì jìnnà. Ṣùgbọ́n kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run ló ń fi bojú.

Inú mọ́tò Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ni wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ náà, níwájú Valence Park, bí òjò ti ń rọ̀.

"Babe, èso ni. Èso àti àgbọn. Ọjọ́ mẹ́ta."

"Àti aṣọ. Aṣọ yẹn máa bo búrọ́ọ̀ṣì, omi ò ní ṣàn lórí ẹ̀ mọ́. Wọ́n máa gùn ún dé àárín, oòrùn á sì yan wọ́n níbẹ̀. Mo ti rí i rí, Ìmọ́lẹ̀. Èmi ló máa fi í lé wọn lórí. Kámẹ́rà tún wà níbẹ̀ tó ń ka ẹja. They'll see me."

"So ẹja ṣe pàtàkì jù mí lọ."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ohun tí ò ń sọ nìyẹn now! Mi ò lè fẹ́ ẹ láìsí ìwúre Mummy, o mọ̀. Òun nìkan ni mo ní." Ó bú sẹ́kún. Ó ń bẹ̀ ẹ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Láyí wo omi òjò tó ń sọ̀ kalẹ̀ lójú gíláàsì. Ó ronú pé òun á rí odò mìíràn, pé òun kò ní rí obìnrin yìí mọ́. Ó ronú pé bí òun bá ṣe é ní Sátidé tí ìsinmi Mọ́ńdè bá tẹ̀lé, àwọn ẹlẹgbẹ́ òun kò ní dé ibẹ̀ títí di Túsìdeè, pé bóyá òjò á rọ̀, bóyá omi á gbé e kọjá.

"Ó dáa," ló wí. "Mo máa ṣe é."

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ dákẹ́ ẹkún lójijì. Ó dì mọ́ ọn. Ẹni tó bá wo ojú rẹ̀ léjìká Láyí nígbà náà ì bá rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún un ni.

Láyí wọ sùtánà tí Àǹtí Olúfọlákẹ́ yá a. Ìyá Ìjọ dúró lórí bèbè, ó ń ka Sáàmù, ó sì ń wo ọwọ́ rẹ̀. Láyí gbé ẹrù náà síbi tí ó ti mú ti àkọ́kọ́. Omi tì í díẹ̀, ìdì náà tú, aṣọ funfun náà sì tẹ́ gbalaja lórí búrọ́ọ̀ṣì bí aṣọ orí ibùsùn.

Òjò kò rọ̀. Oòrùn mú ní Sọ́ńdè náà débi pé àwọn òyìnbó bọ́ ẹ̀wù lórí Ripple Road. Láyí kò lè jókòó nílé. Ó lọ dúró lórí afárá, ó wo ìsàlẹ̀, ó sì pe Ìmọ́lẹ̀ayọ̀.

"Wọ́n ti ń kú o. Wọ́n pọ̀. Jẹ́ kí n yọ aṣọ yìí, jọ̀ọ́. Sọ fún mi pé kí n yọ ọ́."

"Ó ku ọ̀la péré," ni Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ wí.

Ó pa fóònù, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, kò jẹun lọ́jọ́ náà. Láyí náà kò yọ ọ́.

Ní Túsìdeè, ọ̀gá Láyí fúnra rẹ̀ ló dé ibẹ̀ ṣáájú. Òkú ọmọ íìlì ti gbẹ mọ́ búrọ́ọ̀ṣì lábẹ́ aṣọ náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, òórùn sì ti gba abẹ́ afárá. Wọ́n wo kámẹ́rà. Wọ́n rí ọkùnrin aláṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán, tó rọra gbé ẹrù kalẹ̀, wọ́n sì mọ ojú rẹ̀. Ọ̀gá náà kò pariwo. Ó pe Láyí, ó bi í pé, "Ìwọ tí o kọ́ ọ̀nà yìí?" Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Scotland gbọ́, nítorí àwọn oníṣẹ́ ẹja kò pọ̀ ní ìlú yìí, wọ́n sì mọ ara wọn. Wọ́n ní kó má wulẹ̀ wá mọ́.

Ó ṣì rò pé òun ní ìyàwó. Òun àti bàbá rẹ̀ wọ agbádá, wọ́n lọ sílé Ìyá Ìjọ ní Rippleside pé kí wọ́n dájọ́ ìdána. Àǹtí Olúfọlákẹ́ ti wà níbẹ̀. Wọ́n ní bí ọkọ àti ìyàwó bá ti mojú ara wọn tán, kí alárinà yẹ̀ba. Ti èyí kò yẹ̀ba, ó jókòó ti ife mínírà rẹ̀.

Láyí dọ̀bálẹ̀. Ìyá Ìjọ kò ní kó dìde.

"Mo gbọ́ pé wọ́n lé ẹ níbi iṣẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Nítorí àdúrà yẹn ni, Mà."

"Nítorí kí ni? Ṣé mo ní kó o pa ẹja ni? Mo ní kó o fi àdúrà sínú omi. Omi kọ̀ ọ́! Ó gbé e tẹ́ sílẹ̀, ó sọ ọ́ di òkú. Kí lẹ tún fẹ́ kí Ọlọ́run sọ?"

Bàbá Gbádégẹṣin tẹ̀ ba níwájú rẹ̀, àgbà ọkùnrin tó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì. "Ìyá Ìjọ, ẹ fojú àánú wò ó. Gbogbo ohun tí ọmọ mi ní ló fi tọrọ ọmọ yín."

"Ó ti wá tán lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn, Bàbá. Kí ló máa fi bọ́ ọmọ mi? Òkú ẹja?"

Àǹtí Olúfọlákẹ́ gbójú sí ife. Láyí ṣì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, ó gbórí sókè wo Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó mọ̀ pé Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ yóò sọ̀rọ̀ gbe òun.

"Ìmọ́lẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí, "kí ni ìwọ wí sí i?"

"Ohun tí Mummy bá sọ."

Bàbá Láyí ló fà á dìde nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìdí bọ́ọ̀sì, bàbá ń tún agbádá ọmọ rẹ̀ ṣe léjìká bí ẹni ń múra ọmọ kékeré sílé ìwé.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù ẹja kan ní Ripple Road. Ìdána rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan. Olúwatìmílẹ́hìn ni ọkọ, apòògùn ni, ọmọ ìjọ ni, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà sí ti Ìyá Ìjọ. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ fẹ́ ra ẹja títọ́ọ̀sì tí wọ́n máa fi se ọbẹ̀ ìdána. Láyí ló yíjú padà lẹ́yìn àtẹ, ó wọ épírọ̀nù rọ́bà, ó mú ọ̀bẹ dání. Sámọ́ọ̀nù tó fẹ́ rí kó gun odò, orí yìnyín ló tẹ́ wọn sí báyìí, tó ń là wọ́n ní méjì-méjì.

Wọ́n kí ara wọn. Ó sọ iye tó fẹ́. Láyí bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹja.

"Mo gbọ́," ló wí. "Ẹ kú oríire."

"Láyí, ó yẹ kí n sọ nǹkan kan fún ẹ. Mi ò lè gbé e wọ ilé ọkọ." Ó wo ẹ̀yìn, obìnrin kan ń dúró, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọjọ́ yẹn nínú mọ́tò. Mo fẹ́ kó o kọ̀."

Ọ̀bẹ dúró.

"Mò ń bẹ̀ ẹ́, mo sì ń gbàdúrà nínú mi pé kó o má gbà. Tó o bá kọ̀, mo ti pinnu, mo máa fi Mummy sílẹ̀, màá tẹ̀lé ẹ. O wá gbà. Mo rò ó pé tó o bá lè fi ohun tó o fẹ́ràn tóyẹn tọrẹ nítorí ẹkún mi, ọjọ́ tí ẹlòmíì bá sunkún fún ẹ ńkọ́? I couldn't look at you again. Kì í ṣe Mummy. Èmi ni."

"Ní Sọ́ńdè tí mo pè ẹ́ látorí afárá ńkọ́?"

"Ọjọ́ yẹn náà. Mo ń retí kó o yọ ọ́ láìbi mí."

Ọdún kan gbáko ni Láyí ti fi bínú sí Ìyá Ìjọ. Òru kan kò kọjá kó má ṣépè fún obìnrin náà nínú ọkàn rẹ̀, ìbínú náà sì ràn án lọ́wọ́, òun ló ń gbé e dìde lọ síbi iṣẹ́. Ó wá ẹni tí yóò bínú sí báyìí, kò rí. Ó ṣí ẹnu láti bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ nígbà náà, ó sì tún un pa dé, nítorí ó mọ èsì rẹ̀: bó bá ti sọ ọ́, kì bá tún jẹ́ pé òun fúnra òun ló kọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ now, mo fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì," ni obìnrin tó wà lẹ́yìn wí.

Láyí gé èyí tó kù. Ó di ẹja náà sínú ọ̀rá, ó fi òmíràn bò ó kí ẹ̀jẹ̀ má baà jò sí aṣọ rẹ̀, ó nà án sí i. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ gbà á, ó sì jáde. Láyí nu pákó, ó sì bi obìnrin tó kàn léèrè irú ẹja tó fẹ́.